Ẹ̀yà Wo Ló Kú?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí, ẹ̀yin olùgbọ́ wa, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé e lọ sílé. Bí fáànù bá dákẹ́, bí rédíò bá yadi, bí gílóòbù bá kọ̀ tí kò tàn mọ́, kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé: ẹ̀yà wo ló kú? Torí pé ẹ̀rọ kì í sábà kú tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yà kékeré kan níbì kan nínú rẹ̀ ló máa ń kú. Àwọn yòókù á ṣì wà láàyè, ara wọn á le koko, ṣùgbọ́n wọn ò ní rí iṣẹ́ ṣe. Àwa á wá gbé òkú kan pẹ̀lú ọ̀pọ̀ alààyè, a ó dà wọ́n sí ààtàn pọ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí fáànù, torí mélòó nínú wa ni kò ní in nílé? Ẹ ti rí i rí, àbí ẹ ò rí i rí? Fáànù tó ń fẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jẹ́jẹ́. Ẹ yí i sí nọ́ńbà tó ga jù, kò yàtọ̀. Tó bá yá, ẹ tàn án, á máa kùn hùn-ùn, kò ní yí. Ẹnìkan nínú ilé á wá ki ọ̀pá ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́, á ta apá rẹ̀, fáànù á sì gbéra. Ilé gbogbo á ní iná ló kéré, tàbí pé fáànù ti gbó. Lóòótọ́ iná lè kéré. Ṣùgbọ́n bí fáànù kejì nínú yàrá kan náà bá ń fẹ́ yẹ́ẹ́, ẹjọ́ iná kọ́ nìyẹn. Ẹ̀yà tó ṣeé ṣe jù pé ó kú ni kàpásítọ̀. Nǹkan kékeré onígun mẹ́rin ni, dúdú tàbí funfun, tí wáyà yọ lára rẹ̀. Tí fáànù òkè bá ni, inú ife tó bo ìdí tàbí ọrùn rẹ̀ ló sábà máa ń wà. Tí fáànù onídùúró bá ni, ẹ wá a lẹ́yìn orí rẹ̀ tàbí ní ìsàlẹ̀ níbi tí súwíìṣì wà.

Kí ni kàpásítọ̀ ń ṣe níbẹ̀? Iná tí à ń pè ní iná NEPA kì í sàn síbì kan. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ lè mú kí irin gbọ̀n, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè mú kó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wé wáyà bàbà, tí à ń pè ní kọ́ìlì, sí ọ̀nà méjì nínú ikùn fáànù. Iná wọ ọ̀nà kan tààrà. Inú kàpásítọ̀ ló gbà kó tó wọ ọ̀nà kejì, kàpásítọ̀ yìí ni kò sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì dé lásìkò kan náà. Bí ọ̀kan ṣe ń fi àárín fáànù sílẹ̀ ni èkejì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí tẹ̀lé wọn. Bí kàpásítọ̀ bá wá kú, ọ̀nà kan péré ló kù. Fáànù á máa gbọ̀n lójú kan, kò ní mọ apá ibi tí òun máa yí sí. Ọ̀pá tí wọ́n fi ta á yẹn ló júwe ọ̀nà fún un. Bí wọ́n bá ta á sódì, òdì náà ló máa yí lọ. Kí ló dé tí kàpásítọ̀ kì í kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi irin kùn lára ni wọ́n ká jọ sínú kàpásítọ̀ fáànù. Nígbàkúùgbà tí iná bá ya wọlé lójijì ju bó ṣe yẹ lọ, á jó ojú kékeré kan dànù lára irin náà. Kò ní kú lọ́jọ́ yẹn. Á kàn dín kù díẹ̀. Bó ṣe ń dín kù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìgbà ni fáànù ń falẹ̀, tí àwa náà ń sọ pé ọjọ́ ogbó rẹ̀ dé. Ogbó kọ́ o. Ẹ̀yà kan ló ń kú díẹ̀díẹ̀, gbogbo ìyókù sì yè.

Ẹnìkan lè ní, ṣé gbogbo fáànù tí kò yí ni kàpásítọ̀ rẹ̀ ti kú? Rárá o, ìbéèrè gidi sì nìyẹn. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò lára ògiri ná, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ yí apá rẹ̀. Tó bá le, tó ń há, búùṣì tí irin àárín rẹ̀ ń yí nínú rẹ̀ ló ti gbẹ, epo ló ń bèèrè. Tó bá ń yí fẹrẹ, àmọ́ tó jẹ́ pé bí iná bá dé, á kùn ṣùgbọ́n kò ní gbéra, kàpásítọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tí kò bá kùn rárá, iná kò dé inú rẹ̀ nìyẹn. Ó lè jẹ́ wáyà ló já, ó lè jẹ́ súwíìṣì, ó sì lè jẹ́ kọ́ìlì ló jó. Tó bá jẹ́ kọ́ìlì, òórùn rẹ̀ á ti sọ fún yín ṣáájú. Fáànù tó ń lo bátìrì yàtọ̀ ní tirẹ̀, bátìrì rẹ̀ ló sábà máa ń kú. Ṣé ẹ rí i báyìí? Fáànù kan náà, tí kò yí. Ẹ̀yà tó kú yàtọ̀ síra, owó àtúnṣe wọn yàtọ̀ síra, epo díẹ̀ péré sì ni òmíràn ń fẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò yín, ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yà kéékèèké inú ẹ̀rọ la ń sọ, ìbéèrè wa sì ni pé, ẹ̀yà wo ló kú?

Ó wá kan fúùsì. Fúùsì yàtọ̀ sí àwọn yòókù, torí pé kíkú ni iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Wáyà tín-ín-rín kan ló wà nínú rẹ̀. Bí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá bá ju èyí tí wọ́n yàn fún un lọ, wáyà yẹn á yọ́, ọ̀nà á já, àwọn ẹ̀yà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á bọ́. Nítorí náà, bí fúùsì bá jó, ìbéèrè wa di méjì: ẹ̀yà wo ló kú, ta ló sì pa á? Ẹ yọ fúùsì onígíláàsì kan, kẹ́ ẹ gbé e sókè níwájú ìmọ́lẹ̀. Bí gíláàsì rẹ̀ bá mọ́ tónítóní, tó jẹ́ pé wáyà inú rẹ̀ kàn já, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti gbó, tàbí pé ẹrù wúwo díẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí inú gíláàsì bá dúdú kirimu, iná ló rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yà kan ń bẹ nínú ẹ̀rọ yẹn tó ti ṣí ọ̀nà àbùjá sílẹ̀ fún iná. Bẹ́ ẹ bá ti fi fúùsì tuntun sí i báyìí, á tún jó lójú ẹsẹ̀. Òkú yẹn ń jẹ́rìí. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí la máa ń ṣe? A ó yọ irun kan lára wáyà, a ó wé e mọ́ fúùsì tó jó. Àwọn míì ń lo bébà tó ń dán nínú páálí sìgá. Ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ padà lóòótọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí àṣà yìí dùn mọ́ wa. Àmọ́ wáyà tí a wé yẹn kò ní kú nígbà tó yẹ kó kú. Ẹlòmíràn ló máa kú rọ́pò rẹ̀, bóyá tíránsífọ́mà, bóyá bọ́ọ̀dù, bóyá wáyà tó wà nínú ògiri ilé yín, tí ọmọ ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, mi ò ní fi bò. Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa fi dá mi lóhùn. Á ní iná tiwa kì í dúró ṣinṣin, ojoojúmọ́ ni fúùsì ń jó, mélòó la fẹ́ rà? Òótọ́ ni pé iná tiwa ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n fúùsì tó ń jó léraléra kò burú, ìròyìn ló ń mú wá. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀yà kan wà létí fúùsì, ó rí pẹlẹbẹ, ó rí róbótó, ó sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù. Bí iná bá pọ̀ lápọ̀jù, òun ló máa fara gbá a, á sì mú kí fúùsì já kí nǹkan tó dé inú. Ó lè kú níbi tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí a bá wá pààrọ̀ fúùsì nìkan, tí a fi òkú ẹ̀yà yìí sílẹ̀ níbẹ̀, kò sí bí fúùsì tuntun ṣe máa dúró. Ẹ tún wo inú pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Fúùsì tí wọ́n kọ 13 sí lára ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùrù nìyẹn wà fún. Fún rédíò tàbí fáànù, 3 ti tó o.

Rédíò tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ mi yìí ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọwọ́ kan ibi tẹ́ ẹ fi ń yí ohùn sókè sódò. Tó bá jẹ́ èyí tó ń yí ni, rẹsítọ̀ lẹ dì mú yẹn. Iṣẹ́ rẹsítọ̀ ni kó máa dín iná kù, kí èyí tó máa kọjá má ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú ti ọwọ́ yín yẹn, irin kékeré kan ló ń rìn lórí òrùka dúdú kan. Bẹ́ ẹ bá yí i, irin náà á sún, iná tó ń kọjá á pọ̀ tàbí á dín kù, ohùn mi á sì tẹ̀lé e. Bí eruku bá wọ orí òrùka yẹn, rédíò á máa dún kẹrẹkẹrẹ bẹ́ ẹ ti ń yí i, ohùn á máa lọ, á máa bọ̀. Ìgbà yẹn làwọn kan máa ń gbá rédíò létí. Ẹ dáwọ́ dúró o! Kò sí ẹ̀yà kankan tó tiẹ̀ kú níbẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á fi oògùn ìnu-ẹ̀rọ nu ún, ó parí. Ibi tẹ́ ẹ ti ń wá ilé iṣẹ́ rédíò wá ńkọ́? Bí tiyín bá jẹ́ rédíò onítọ́ka, kàpásítọ̀ náà ló tún wà níbẹ̀, irú èyí tí ewé irin rẹ̀ ń wọ inú ara wọn, tó sì ń jáde. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ló ń ṣe níbẹ̀: ó ń bá yín yan ohùn kan ṣoṣo nínú gbogbo ohùn tó kún ojú ọ̀run. Ẹ tún fetí sí èyí. Bí rédíò yín bá mọ́ ketekete nígbà tó wà lórí bátìrì, tó wá ń kùn hùn-ùn tẹ́ ẹ bá kì í sára ògiri, rédíò yín kò bàjẹ́. Ó ṣeé ṣe jù pé kàpásítọ̀ ńlá tó wà níbi tí iná ògiri ti ń wọlé ló ti rẹ̀. Iná tó ń wọ ibẹ̀ ń ga, ó ń lọ sílẹ̀; kàpásítọ̀ yìí ló yẹ kó máa ṣe bíi ládugbó, kó máa gbà nígbà tó bá pọ̀, kó máa dà á jáde nígbà tó bá dín kù, kí inú rédíò má mọ̀. Bí wọ́n bá ṣí rédíò náà, ẹ ní kí wọ́n fi orí kàpásítọ̀ yìí hàn yín. Orí tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ lè ti wú.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ rédíò la wà yìí. Lọ́dún 1935, nígbà tí rédíò kọ́kọ́ wọ ilé nílùú Èkó, àpótí kan ni wọ́n ń kàn mọ́ ògiri. Wáyà ló ń gbé ohùn wá bá a. Ẹ ò lè gbé e lọ sí oko, ẹ ò lè yan ibòmíì gbọ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa pè é. Rédíò tó dá dúró láyè ara rẹ̀ nígbà yẹn, àwọn gíláàsì ńláńlá tó ń gbóná janjan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń jẹ iná gidigidi. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Bell Labs lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, John Bardeen àti Walter Brattain ṣe tíránsísítọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́. Iná kékeré ló fi ń darí iná ńlá, ìyẹn ló sì ń sọ ohùn tín-ín-rín tó bọ́ láti ojú ọ̀run di ohùn tó kún yàrá. Lọ́dún 1954, rédíò onítíránsísítọ̀ tó wọ inú àpò dé ọjà Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni bátìrì kéékèèké ti tó láti mú rédíò tẹ̀lé àgbẹ̀ lọ sí oko, tẹ̀lé ìyá onígaàrí lọ sí ìsọ̀. Ẹ wo bí tíránsísítọ̀ yẹn ṣe kéré tó. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè wa. Gílóòbù tó ń lo LED fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi yìí hàn jù lọ. Dáyódù ni LED. Ojú kan ṣoṣo ni dáyódù ń jẹ́ kí iná gbà. Bí iná bá yíjú padà, kò ní ráyè kọjá. Dáyódù tí kì í tàn wà nínú ṣájà fóònù yín, òun ló ń sọ iná tó ń lọ tó ń bọ̀ di èyí tó ń lọ síwájú nìkan. Ó wà nídìí sólà náà, kí bátìrì má baà máa da iná tó kó jọ lọ́sàn-án padà sínú pánẹ́ẹ̀lì sólà lóru. Nínú gílóòbù, wọ́n sábà máa ń to àwọn LED kéékèèké tẹ̀lé ara wọn ni, iná á ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Bí ọ̀kan péré bá kú, ọ̀nà já nìyẹn, iná gbogbo wọn á kú. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀? Àmì dúdú kan sábà máa ń wà lójú rẹ̀, bí ẹni fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tọ́ ọ. Ọ̀kan yẹn nìkan ni òkú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yòókù sì rèé, tí a ti pè ní àkísà.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu àwọn tí kò gbà. Wọ́n ní, owó àtúnṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tuntun, kí la fẹ́ máa da ara wa láàmú sí? Bí ẹ kò bá mọ ẹ̀yà tó kú, òótọ́ ni wọ́n sọ, torí pé owó ẹ̀rọ odindi lẹ máa ń dúnàádúrà lé lórí. Owó kàpásítọ̀ kò sún mọ́ owó fáànù rárá. Owó fúùsì kò sún mọ́ owó ohunkóhun. Bí ẹni tó ń tún un ṣe bá sì sọ pé kọ́ìlì ló jó, ẹ lè fi owó àtúnṣe rẹ̀ àti owó tuntun wé ara wọn, kẹ́ ẹ pinnu pẹ̀lú làákàyè. Mi ò sọ pé gbogbo ẹ̀rọ la gbọ́dọ̀ tún ṣe. Mo ní ká mọ ohun tó kú ká tó pinnu. Ẹ tún rántí pé ẹ̀rọ tí a dà nù kò pòórá. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ irin yíyọ́ tí wọ́n fi lẹ àwọn ẹ̀yà mọ́ bọ́ọ̀dù. Ní ààtàn, àwọn ọmọ ń sun wáyà nítorí bàbà inú rẹ̀, wọ́n sì ń fa èéfín rọ́bà náà símú. Owó yẹn kò sí nínú owó tí a ń kà lọ́jà.

Wọ́n tún ní, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ń rẹ́ni jẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mọ iṣẹ́ tó sì ní òótọ́ inú. Àwọn oníbàjẹ́ náà ò sì ṣàì sí. Kí ló ń jẹ́ kí wọ́n rí wa rẹ́ jẹ? Torí pé “ẹ bá mi tún un ṣe” nìkan la máa ń sọ, a ó sì yí ẹ̀yìn padà. Ẹni tó bá bèèrè orúkọ òkú kò rọrùn láti tàn. Ẹ sọ pé, “Ẹ̀ńjíníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yà wo ló kú? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi èyí tẹ́ ẹ yọ pa mọ́.” Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Bí kàpásítọ̀ fáànù tó kú bá ní 2.5 lára, 2.5 náà ló yẹ kó wà lára tuntun. Bí wọ́n bá fi èyí tó tóbi jù sí i, fáànù lè gbéra o, ṣùgbọ́n kọ́ìlì á máa gbóná, ẹ ó sì tún padà wá. Ẹ̀ńjíníà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Inú rẹ̀ á tiẹ̀ dùn.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ní ẹ̀rọ òde òní ti yàtọ̀. Mo gbà fún wọn. Nínú fóònù, àwọn ẹ̀yà kan wà tí kò tó ìdajì hóró ìrẹsì, àwọn mìíràn sì pọ̀ jọ sínú ike dúdú kan tí ojú ò lè rí inú rẹ̀. Bí ìyẹn bá kú, àtúnṣe lè má ṣeé ṣe, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ohun tó ń kú jù lára fóònù kọ́ nìyẹn. Bátìrì ni, ojú tí à ń ki ṣájà bọ̀ ni, okùn ṣájà fúnra rẹ̀ ni. Àwọn yẹn ṣì ṣeé pààrọ̀, ìbéèrè wa sì ṣì wúlò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, kò sì ṣeé fi ṣeré. Mímọ orúkọ ẹ̀yà kì í ṣe àṣẹ láti tú ẹ̀rọ. Kàpásítọ̀ ńlá ń fi iná pa mọ́ sínú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ pílọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Ti inú ìnfátà lè gbé ènìyàn ṣubú. Ti inú máíkírówéèfù lè pa ènìyàn, kódà nígbà tí kò sí iná nílé. Ẹ má tú wọn o, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tú wọn. Ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú iná inú kàpásítọ̀ dànù kó tó fọwọ́ kàn án. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ jókòó tì í bó bá gbà yín láyè, kẹ́ ẹ sì bi í léèrè.